Nọ́ńbà ara àwòrán kì í ṣe owó, ìlérí ni

1/ Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àwòrán ẹranko igbó lórí Instagram torí pé wọ́n kọ "limited edition" sí i, ẹ jókòó díẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á kò ní sọ fún yín rèé: nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àwòrán yẹn kì í ṣe owó. Ìlérí ni. Ìlérí kò sì lè níyì ju ẹni tó ṣe é lọ.

2/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi fọ́tò print erin kan ránṣẹ́ sí mi. ₦120,000 ni wọ́n pè é. Wọ́n kọ 312/2000 sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó ẹ̀ á gòkè?" Ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún méjì! Tí gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa ní Adéwọlé níbí bá gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ ògiri, yóò ṣì ṣẹ́ kù. Kí ló wá wọ́n níbẹ̀?

3/ Print tí wọ́n fọwọ́ ṣe dà bí òǹtẹ̀. Ayàwòrán á gbẹ́ àwòrán sára pákó tàbí bàbà, á fi yíǹkì sí i, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ àádọ́ta ló tẹ̀, á fi pẹ́ńsùlù kọ 1/50, 2/50 títí dé òpin, á sì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà, ó yẹ kó ha ojú ohun tó gbẹ́ yẹn, kó má ṣeé tẹ̀ mọ́. Àmọ́ èyí tó bá jẹ́ fáìlì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rí ọkàn ẹni tó ni fáìlì nìkan ló lè dá a dúró.

4/ Ẹ wo John James Audubon. Láàárín 1827 sí 1838, ó gbé àwòrán ẹyẹ Amẹ́ríkà 435 jáde. Bàbà ni wọ́n gbẹ́ wọn sí, ọwọ́ ni wọ́n fi kùn wọ́n. Ní December 2010, wọ́n ta odindi ẹ̀dà kan ní London, ó lé ní mílíọ̀nù méje pọ́n-ùn. Kò sẹ́ni tó kọ "limited edition" sí i o!

5/ Kí ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n? Iṣẹ́ rẹ̀ le, àwọn tó lágbára láti rà á kò pọ̀, wọ́n sì ti tú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ká. Èyí tó ṣẹ́ kù ní pípé láyé jẹ́ nǹkan bí 120. Àwọn ẹyẹ kan nínú rẹ̀ gan-an ti run: irú ẹyẹlé igbó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé 1914 ni èyí tó kẹ́yìn wọn kú. Àwòrán náà ti di ẹ̀rí. Iṣẹ́ àti àkókò ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, kì í ṣe bírò.

6/ Amẹ́ríkà yìí kan náà ti ko àgbákò èyí rí. Láwọn ọdún 1980, àwọn iléeṣẹ́ ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán ìkookò àti pẹ́pẹ́yẹ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ayàwòrán á kàn máa buwọ́ lù ú. Àwọn èèyàn ń rà á bí ẹni ń ra ilẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó iye tí wọ́n rà á mọ́. Nígbà míì, férémù ló wọ́n ju àwòrán lọ.

7/ Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Bruce Onobrakpeya, tí wọ́n bí ní 1932, jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ print ní Áfíríkà. Òun ló ya àwòrán inú Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà tí Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1968. Twins Seven-Seven, ọmọ Ogidi, ìlú tó wà ní Kwara wa yìí kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, náà ṣe print. Ẹranko àti iwin ló kún inú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ ra erin tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó yà á?

8/ Twins kú ní 2011. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère. Lóòótọ́, owó iṣẹ́ ayàwòrán lè gòkè tó bá kú, torí kò ní ṣe òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ikú kì í fún aláìlórúkọ lórúkọ. Ibi tí orúkọ bá sì ti tóbi ni ayédèrú ti ń pọ̀.

9/ Torí náà, ẹ béèrè:
– Ta ló ṣe é? Ṣé òun ló buwọ́ lù ú?
– Mélòó ni gbogbo ẹ̀? Mélòó ni A/P, ìyẹn èyí tí ayàwòrán yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀?
– Ọwọ́ ta ló ti kúrò? Rìsíìtì dà?
– Ṣé àmì etí bàbà tẹ bébà wọlé? Àbí tóótòòtó ẹ̀rọ lẹ rí tẹ́ ẹ fi awò wò ó?
– Ṣé oòrùn Ìlọrin ò tíì pa àwọ̀ ẹ̀? Ṣé ọ̀rinrin òjò ò tíì mú un? Ṣé wọn ò fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́?

10/ Èsì tí mo fún ẹni tó ni erin: tó o bá fẹ́ràn ẹ̀, rà á lówó ọ̀ṣọ́ ilé. Má rà á lówó ilẹ̀.

11/ Ẹ̀yin ayàwòrán ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́: tẹ́ ẹ bá ní 30, kó jẹ́ 30. Ẹ má yí i sí sáìsì míì lọ́dún tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ wá pè é ní tuntun. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà yín gbọ́ lẹ já kulẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àmọ́ ọjà wa ṣì kéré, ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá, kò sì ní ra ti ẹlòmíì.

12/ Ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ rà sábẹ́ ibí, iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.