Kí Irú Edé Má Baà Run Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà bá edé pupa tí à ń pa lókun mu gan-an ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé edé òkun yàtọ̀ sí tinú ọ̀sà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkun ni ìyá edé ń yé sí. Bí ẹyin náà bá pa, omi á gbé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ títí wọn yóò fi wọ inú ọ̀sà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà fún oṣù mélòó kan, lábẹ́ gbòǹgbò igi etí omi, kí wọ́n tó padà sókun lọ yé tiwọn.

Nítorí náà, ẹni tó ń fi yanrìn dí ọ̀sà l'Ékòó, ẹni tó ń gé igi etí omi n'Ílàjẹ, àti ẹni tó ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ edé ní Àgbádárìgì, oko apẹja òkun ni wọ́n ń bàjẹ́.

Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ mọ̀ pé bí àgbàdo oko bá jẹ́ irú kan ṣoṣo, àrùn kan ṣoṣo lè run gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni edé. Ohun tí wọ́n jogún látọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá kò dọ́gba: òmíràn lè fara da ooru, òmíràn lè borí àrùn. Bí a bá pa wọ́n títí tó fi ku ìwọ̀nba díẹ̀, tí a tún dí ọ̀nà tí ti ibòmíràn lè gbà wá dà pọ̀ mọ́ wọn, ogún yẹn á sọnù. Kò sí owó tó lè rà á padà.

Òfin ọdún 1992 kò gba àwọn tírọ́là láàyè láti pẹja láàrin máìlì òkun 5 sí etíkun. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́, omi inú ajere ni.

Ní 2023 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ètò òkun sílẹ̀. Kí wọ́n ṣọ́ etíkun dáadáa, kí wọ́n sì ní kí àwọn onímọ̀ yẹ irú edé wa wò láti Èkó dé Oǹdó. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ya apá kan ọ̀sà sọ́tọ̀ fún ọmọ edé. Kí ẹ̀yin apẹja náà fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ sílẹ̀.

Àgbẹ̀ tó bá jẹ èèbù rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?