Ìwé Wa Tó Wà ní Róòmù



Ní Ọ̀fàdà, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí léèrè ibi tí òun ti lè ka lẹ́tà àwọn àlùfáà Àgùdà àkọ́kọ́. Ó nira fún mi láti dá a lóhùn pé Róòmù ni.

Ẹgbẹ́ SMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Àgùdà nílẹ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn, Pierre Bouche, tẹ ìwé jáde lórí èdè Nàgó ní 1880. Róòmù ni àkójọ ìwé ẹgbẹ́ náà wà, èdè Faransé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ti ìgbà náà. Orúkọ èèyàn àti ti ìlú tí Faransé kọ bó ṣe dún sí i létí lè fi bí àwọn baba wa ṣe ń sọ̀rọ̀ hàn wá.

N kò bá àwọn tó tọ́jú wọn jà. Ikán ìbá ti jẹ wọ́n níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ onílé kò lè fojú kàn, kí ló fi yàtọ̀ sí èyí tó sọnù? Lẹ́tà ìjọ CMS tó wà ní Yunifásítì Birmingham ti di máíkírófíìmù tí ilé-ìkàwé lè rà. Kí ẹgbẹ́ SMA náà ya àwòrán tiwọn, kí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì wa. Kí àwa náà kọ́ èdè Faransé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Báwo ni ọmọ Ọ̀fàdà yóò ṣe wolé, bí ìtàn ilé bá wà lókè òkun?