Ẹ Jẹ́ Kí Orí Ẹgbẹ́ Yín Sinmi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ìwé yìí, ẹ ó sì kà á tán kí ẹnikẹ́ni tó fèsì.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo wà ní pápá ilé-ìwé kan níhìn-ín ní Ìbàdàn níbi tí ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ife-ẹ̀yẹ. Ọmọkùnrin tó wọ jẹ́sì mẹ́sàn-án fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù kọ́nà, orí òun àti ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ kọlu ara wọn, mo gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Ó ṣubú gbalaja. Ẹ da pure water sí i lójú, ẹ fi aṣọ fẹ́ ẹ, ó dìde. Ó ní, "Mélòó sí mélòó ni?" Ẹ dá a lóhùn. Kò pẹ́ rárá tó tún bèèrè ohun kan náà. Ẹ̀rín lẹ bú sí! Ẹ ní kó padà wọlé, ó sì padà wọlé.

Ní Mọ́ńdè, ìpàdé àwọn òbí gbé mi dé ilé-ìwé náà. Mo bá ọmọ yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù bojú nítorí oòrùn. Ó ní tíṣà lé òun síta nítorí pé òun gbórí lé tábìlì. Pé ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó kò dúró lójú kan lójú òun, ariwo kíláàsì sì ń lu òun lágbárí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé e sókè ní Sátidé lẹ yọ orí lójú fèrèsé tí ẹ ń pè é ní ọ̀lẹ, tí ẹ tún ń bi í bóyá yóò gbá bọ́ọ̀lù ìdíje ti Tọ́sìdeè. Ọ̀lẹ? Ọmọ tó fi orí ara rẹ̀ jà fún yín?

Bí orí bá gba irú ìkọlù yẹn, ọpọlọ á mì nínú agbárí bí omi inú akèrègbè. Concussion ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í dá egbò, àwòrán tí wọ́n ń yà ní ọsibítù sì sábà máa ń mọ́ gaara. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe ló dàrú. Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, ìgbàgbé, ìbínú òjijì, oorun tó yí padà, ojú tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kò tilẹ̀ dákú.

Mo mọ adùn bọ́ọ̀lù o. Nígbà tí àwa wà ní ilé-ìwé, ẹsẹ̀ lásán la fi ń gbá a. Bọ́ọ̀lù aláwọ ni. Bí òjò bá ti pa á, á wúwo débi pé ọrùn á máa dun ẹni tó bá fi orí kàn án. A ní wíńgà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ. Àwọn ìyá ọlọ́jà a máa fi àtẹ sílẹ̀ láti wá wò ó, mo ṣì ń rí i bó ṣe ń fa bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ìlà. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má gbá bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, Zackery Lystedt, ọmọ ọdún 13, fi orí gbá ilẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó jáde díẹ̀, ó padà wọlé. Bí eré ṣe parí ló ṣubú lulẹ̀. Wọ́n ní láti ṣí agbárí rẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án sì kọjá kó tó lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde ní 2009: ọmọ tí wọ́n bá fura sí pé orí rẹ̀ ṣèṣe gbọ́dọ̀ jáde, kò sì gbọdọ̀ padà láìsí ìwé oníṣègùn. Nígbà tó fi máa di 2014, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Rowan Stringer, ọmọ ọdún 17, kápútéènì ẹgbẹ́ rọ́gíbì ilé-ìwé rẹ̀ ní Ottawa, Kánádà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, orí rẹ̀ gba ìkọlù léraléra láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ concussion wò lórí Google. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ pé bóyá ohun tó ń ṣe òun nìyẹn. Òbí rẹ̀ kò gbọ́, kóòṣì rẹ̀ kò gbọ́. Ó tún wọ pápá, wọ́n gbé e ṣubú, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ontario, ìpínlẹ̀ tí Ottawa wà, fi orúkọ rẹ̀ ṣòfin ní 2018. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ lẹ máa ń kọ́kọ́ mọ̀! Ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ fún, ẹ̀yin náà lẹ sì ń pa á mọ́ra nítorí ife.

Ọ̀kan nínú yín dá mi lóhùn ní Mọ́ńdè yẹn pé, "Bàbá, wọ́n ti ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má sùn sínú yàrá òkùnkùn mọ́." Ó dáa, òótọ́ lo sọ. Ìmọ̀ ayé ìgbà kan ni pé ká ti ọmọ mọ́lé títí orí á fi fúyẹ́, ìwádìí sì ti fi hàn pé ìyẹn kì í ṣe é lóore. Àwọn onímọ̀ tó pàdé ní Amsterdam ní 2022 ní ìsinmi ọjọ́ kan sí méjì tó, kí ẹni tí orí rẹ̀ gba ìkọlù dín wíwo fóònù kù láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó máa rìn, kó máa kàwé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ tán láàárín ọjọ́ 10. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ka ìyẹn, ṣé o kà á dé ibi tí wọ́n ti ní kó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ tán pátápátá kó tó padà sínú ìdíje? Ẹni tí kò tíì lè jókòó sí kíláàsì, kí ló ń wá nínú ìdíje Tọ́sìdeè?

Òfin pápá ti jáde tipẹ́ kí àwọn èèyàn tó rántí kíláàsì, àwọn nọ́ọ̀sì ilé-ìwé sì wà lára àwọn tó mú ọ̀rọ̀ kíláàsì náà wá. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, nọ́ọ̀sì ló ń so òbí, dókítà àti tíṣà pọ̀. Á bi ọmọ léèrè bí ara ṣe rí lójoojúmọ́, á ní kó wá fún wákàtí díẹ̀, kí wọ́n gbé ìjókòó rẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé, kó lè dé fìlà bí ìmọ́lẹ̀ bá ń dà á láàmú, kí wọ́n sún ìdánwò rẹ̀ síwájú, kí ẹlòmíràn bá a kọ nóòtì. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ni kò ní nọ́ọ̀sì, mo mọ̀. Ṣé nọ́ọ̀sì ló máa kọ nóòtì ni? Ẹ ní ọwọ́, ẹ ní bírò.

Ọmọ yẹn kò ní wọ jẹ́sì ní Tọ́sìdeè. Mo ti bá ìyá rẹ̀ àti kóòṣì sọ ọ́. Ti tíṣà, èmi ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún. Kí ẹni tó jókòó tì í máa kọ nóòtì fún un láti ọ̀la.

Nígbàkigbà tí orí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba ìkọlù, ẹ sọ fún àgbà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èébì bá ń tẹ̀ léra, bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, bí gìrì bá mú un, bí ọmọlójú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ, ì báà jẹ́ òru. Bí kò bá sí owó ọkọ̀, ẹ wá kan ilẹ̀kùn mi.

Èmi ni,
Bàbá yín.