Gbèsè Kápútẹ́nì Davies

Ní 1872, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan Kápútẹ́nì James Pinson Labulo Davies sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Ọlọ́kọ̀ òkun ni, oníṣòwò ńlá sì ni. Òun ló yọ £50 sílẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò nígbà tí CMS Grammar School ń bẹ̀rẹ̀ ní 1859.

Nígbà tó fi máa di 1876, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ dé ilé ẹjọ́.

Oko ló gbà lọ. Ní Ìjọn, níhà Agége tó bá Alímọ̀ṣọ́ pààlà, ló ti dá oko kòkó. Inú ọkọ̀ Brazil kan àti erékùṣù Fernando Po ni irúgbìn rẹ̀ ti wá. Ibẹ̀ náà ló gbé òkúta ìrántí kan nàró, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ, fún ìyàwó rẹ̀, Sarah Forbes Bonetta, tó kú ní Madeira ní 1880.

Kì í ṣe ìtìjú pé aṣòfin bíi Davies jẹ gbèsè. Ẹni tó yá a lówó ló yẹ kí ará ìlú mọ̀, torí olówó lè máa darí ọwọ́ tó ń nà sókè nílé aṣòfin. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí aṣòfin kọ ohun ìní àti gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún Code of Conduct Bureau. Ó dára, àmọ́ fáìlì yẹn kì í dé ọwọ́ ìyá aláta ní ọjà Ìkòtún, ẹni tó tò lórí ìlà láti dìbò. Kí ẹni tó bá ń ṣojú Alímọ̀ṣọ́ l'Ábùjá àti ní Aláùsá lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde.