Ẹ Má Fi Ìtóbi Yan Ẹ̀rọ Ìfọ́kùúta

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lórí òkúta irin tó wà ní Itakpe ní kí ìjọba ṣáà ra ẹ̀rọ ìfọ́kùúta tó tóbi jù lọ. N kò fara mọ́ ọn.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1904, Òyìnbó kan, C. V. Bellamy, tẹ ohun tó rí níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Ola-Igbi lẹ́bàá Ọ̀yọ́ jáde: wọ́n á kọ́kọ́ yan òkúta náà lórí iná kó lè rọrùn láti fọ́, wọ́n á gún un nínú odó igi, wọ́n á fomi fọ̀ ọ́, kó tó wọ iléru. Wọ́n mọ òkúta wọn kí wọ́n tó gbé ọmọ odó.

Òkúta Itakpe ní tirẹ̀ le. Irin inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 lọ. Èyí tó pọ̀ nínú ìyókù jẹ́ òkúta yanrìn tó ń jẹ irin ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń fi òòlù gbá òkúta yóò jẹ tán níbẹ̀ kíákíá. Jaw crusher, tó ń rún òkúta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń rún ẹ̀pà, ló yẹ kó ṣáájú, tàbí gyratory crusher bí iṣẹ́ bá pọ̀ gan-an. Cone crusher, tó ń tún òkúta fọ́ sí kéékèèké, ni yóò tẹ̀ lé e.

Mo bẹ ìjọba: kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rọ kankan, ẹ gbé òkúta náà lọ fún àyẹ̀wò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wà ní LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ pè wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ògbómọ̀ṣọ́.