Kí Adágún Ìwẹ̀ Tó Kún

Àṣà tuntun kan ti gba orí tẹlifóònù dé ọ̀dọ̀ wa láti òkè òkun. Àwọn ọlọ́lá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a máa ṣe adágún kékeré sí àgbàlá wọn, wọn a mú omi inú rẹ̀ tutù dé ìwọ̀n 10 tàbí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn a sì rì sínú rẹ̀ títí dé ọrùn láràárọ̀. Ní báyìí, a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan láàrin wa pé irú adágún bẹ́ẹ̀ ni àmì ìlọsíwájú, pé ó yẹ kí á máa rí i nínú ilé tí àwọn ọmọ Kétu ń kọ́. Mo takò ọ̀rọ̀ náà, mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa bá mi takò ó.

Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ wa ní iyì omi tútù. Omi tútù ni a fi ń gba àlejò, òun ni a fi ń ta ilẹ̀ níwájú ojúbọ, òun ni àgbẹ̀ fi ń bọ́jú kí ó tó gba ọ̀nà oko. Nínú gbogbo èyí, igbá kan tàbí garawa kan tó. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún omi hàn nínú bí a ṣe ń ṣọ́ ọ lò.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Odò Wẹ̀mẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, odò Yewa wà ní ìlà-oòrùn. Orí òkè títẹ́jú tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni àwọn baba wa tẹ̀dó sí. Ilẹ̀ pupa ibẹ̀ a máa mu omi òjò, omi náà a sì lọ jìnnà sí ìsàlẹ̀ kí ó tó dúró. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń gbe omi òjò pamọ́ sínú ìkòkò àti kòtò, tí kànga gbígbẹ́ fi jẹ́ iṣẹ́ alágbára, tí àwọn ọmọbìnrin wa fi ń jí ní ìdájí láti lọ pọnmi. Ìjọba ti fa ẹ̀rọ omi dé ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé, a dúpẹ́. Síbẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ẹ lọ wo bí bidon ṣe ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú ẹ̀rọ.

Adágún tí ènìyàn kan lè rì sínú rẹ̀ a máa gba nǹkan bí lítà 400. Bidon onílítà 25 mélòó nìyẹn? Mẹ́rìndínlógún ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lítà 50 sí 100 ni ènìyàn kan nílò lójúmọ́ fún mímu, ìdáná, ìwẹ̀ àti ìmọ́tótó. Bí a bá fi 50 ṣe òṣùwọ̀n, omi ènìyàn mẹ́jọ fún odidi ọjọ́ kan ni ẹnì kan rì sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi wa kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀: bí ó bá wà ní ìwọ̀n 27, tí a fẹ́ kí ó sọ̀ dé 10, yìnyín bí kìló 75 ni yóò gbà. Ẹ bi ẹlẹ́ja ọjà ní ohun tí òun lè fi kìló 75 yìnyín ṣe.

Wọn yóò dá mi lóhùn pé a kì í da omi náà nù lójoojúmọ́, pé ẹ̀rọ ni ó ń sẹ́ ẹ, tí ó sì ń mú un tutù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ sùn: oòrùn wa kì í sinmi lórí omi, iná mànàmáná sì ní láti máa lé ooru náà jáde tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan, tí a kò sì tọ́jú omi náà, adágún ìlera a di ilé ẹ̀fọn, ibà a sì dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí kò wẹ̀ níbẹ̀ rí.

Wọn yóò tún ní ó ń mú ara le. Ara a máa jí lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń sọ pé ọkàn àwọn a fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá ṣàdédé kan omi tí ó tutù gidi, èémí a já, àyà a máa sáré, ẹ̀jẹ̀ a sì ru sókè. Ewu ni fún àgbàlagbà tí ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Ní 2015, ìwádìí kan láti Ọsirélíà, tí ó jáde nínú The Journal of Physiology, fi hàn pé rírì sínú omi tútù lẹ́yìn ìdárayá agbára a máa dín ìdàgbàsókè iṣan kù. Agbára tí wọ́n ń wá sínú omi, omi náà lè jẹ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 28, oṣù keje, ọdún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé omi mímu tí ó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Kétu ti mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìkéde náà. Yàrà tí ó yí ìlú ká, tí ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdẹnà ṣì ń jẹ́rìí sí títí di òní, olówó àti aláìní ni ó dáàbò bò. A kò gbẹ́ ẹ yí ilé ọlọ́lá kan ṣoṣo ká. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, kì í dákẹ́ fún ẹni tí ó bá fi ọrọ̀ gàn ìlú: òru Ẹ̀fẹ̀ ni a fi ń na irú wọn ní pàṣán ọ̀rọ̀.

Kí ni mo wá ń béèrè? N kò ní kí á fi òfin de àgbàlá ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ẹgbẹ́ wa fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan: ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ nítorí adágún ìwẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ya ẹnu ẹ̀rọ kan sí ẹ̀yìn ògiri, níbi tí ará àdúgbò ti lè pọnmi láì kan ilẹ̀kùn. Kí ìkòkò wọn kún kí adágún tirẹ̀ tó kún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí ẹ tó pe ohun gbogbo tí ó ti òkè òkun dé ní ọ̀làjú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní àgbá ìgbe-omi-òjò ti là jù àgbàlá tí ó ní adágún yìnyín lọ.

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Ẹ má jẹ́ kí á jẹ́ ìran tí yóò fi omi dá ọ̀tá sílẹ̀ láàrin ara wa.