Lẹ́tà Olówó Pọ́ọ́kú Kò Ní Ẹlẹ́rìí

Káàdì Pokémon tí wọ́n tà ní dọ́là méjì kò wúwo ju ewé gbígbẹ lọ. Ẹni tó tà á á kì í bọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á tún fi ọ̀rá líle bò ó, á kó o sínú àpòòwé, á tẹ bébà àdírẹ́sì jáde, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á sì lọ sọ ọ́ sínú àpótí lẹ́tà àdúgbò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, oníbàárà kọ̀wé sí i: káàdì òun dà? Ó ṣí fóònù wò. Ohun kan ṣoṣo tó bá níbẹ̀ ni pé wọ́n ti tẹ bébà àdírẹ́sì jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ̀ ẹ́. Kò dúró de fóònù kó tó mọ̀.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ lórí eBay ní Amẹ́ríkà ṣe ń bá a yí, láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti gbé ètò tó pè ní eBay Standard Envelope jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Àwọn oníkáàdì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, kí wọ́n tó fi àwọn tó ń ta òǹtẹ̀ lẹ́tà àti owó onírin kún un. Ìṣòro tí ètò náà fẹ́ yanjú kì í ṣe kékeré. Tí èèyàn bá fi ọjà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹrù ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ nígbà náà tó dọ́là 4, ó kéré tán, lórí káńtà. Ta ni yóò san dọ́là mẹ́rin lé káàdì dọ́là méjì lórí? Lẹ́tà ní tirẹ̀ kò tó dọ́là kan. Nítorí náà, wọ́n ní kí àpòòwé má wúwo ju áúńsì 3 lọ, kó má nípọn ju ìdámẹ́rin íǹṣì, kí ọjà tó wà nínú rẹ̀ má sì ju dọ́là 20 lọ. Wọ́n wá ṣèlérí pé ẹni tó bá pa òfin yìí mọ́ yóò lè tọpa lẹ́tà rẹ̀.

Ìlérí títọpa yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Báákóòdù tó wà lára àpòòwé náà jẹ́ igi tíńtìntín 65, tí nọ́ńbà 31 fara pamọ́ sínú wọn. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò dá a sílẹ̀ kó lè jẹ́rìí níwájú ẹnikẹ́ni. Ó dá a sílẹ̀ kí ẹ̀rọ lè tètè mọ ibi tí lẹ́tà ń lọ. Ẹ̀rọ ìṣàlẹ́tà ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà ní wákàtí kan bí wọ́n ṣe ń sáré kọjá níwájú rẹ̀, á sì tò wọ́n tẹ̀ léra bí apínlẹ́tà yóò ṣe máa kọjá láti ojúlé dé ojúlé. Níbẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ ti kúrò lára wọn. Ẹ̀rọ kékeré wà lọ́wọ́ apínlẹ́tà lóòótọ́, àmọ́ ẹrù ló ń fi kà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́tà, ńṣe ló kàn ń sọ ọ́ sínú àpótí.

Nígbà tí fóònù bá wá sọ pé lẹ́tà ti délé, kò sí ẹni tó rí i nígbà tó dé. Wọ́n kàn méfò ni: ẹ̀rọ rí i láàárọ̀, apínlẹ́tà jáde, ó yẹ kó ti dé. Ìméfò náà máa ń bọ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ nígbà tí àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́, ẹni tó gbé e lọ ló máa ń padà wá sọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ òun àti bí ojú onítọ̀hún ṣe rí. Lẹ́tà yìí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni ti ọ̀rá líle. Ẹni tó fẹ́ràn káàdì kò ní fẹ́ kó ṣẹ́ létí, nítorí náà ó máa ń fi ọ̀rá líle tí àwọn oníkáàdì ń pè ní toploader bò ó. Ẹ̀rọ ìṣàlẹ́tà kò sì mọ pẹ̀lẹ́. Àárín bẹ́líìtì méjì ló ń há lẹ́tà mọ́, tó ń fi wọ́n sáré yí kọ̀rọ̀ po. Àpòòwé tó bá le gbagidi kò lè tẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yẹn. Á há, tàbí kó ya. Àwọn òṣìṣẹ́ á yọ ọ́ sọ́tọ̀, ọwọ́ ni wọ́n á sì fi ṣà á. Kò sọnù o. Ó ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò rí i, fóònù kò sì ní ohun tí yóò sọ. Ẹni tó fi ìtọ́jú di ọjà oníbàárà ni kò rí ẹ̀rí kankan mú jáde. Ẹni tó ju tirẹ̀ sínú àpòòwé láìfi nǹkan kan gbè é ni fóònù yóò ka orúkọ ìlú mẹ́ta fún.

Ẹ̀bi ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ́ nìyí. Owó lẹ́tà ni wọ́n gbà, iṣẹ́ lẹ́tà ni wọ́n ṣe. Ọ̀dọ̀ eBay tó mú ohun tí ẹ̀rọ fojú gán-án-ní, tó gbé e sójú fóònù lórúkọ kan náà àti ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ti ẹrù, ni ẹ̀bi wà. Oníbàárà kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Tí fóònù bá dákẹ́, ó gbà pé ọlọ́jà kò tilẹ̀ fi nǹkan ránṣẹ́. Òótọ́ ni pé ètò náà ní ìdáàbòbò fún lẹ́tà tó bá sọnù, àmọ́ ta ni yóò dá orúkọ rere padà fún ọlọ́jà lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti kọ ọ́ síta pé olè ni?

Ìdákẹ́jẹ́ náà sì ń gùn sí i. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ti fún ara rẹ̀ láyè tó ọjọ́ márùn-ún fún àwọn kan lára lẹ́tà tí wọ́n ń fi ọjọ́ mẹ́ta gbé tẹ́lẹ̀. Owó rẹ̀ pàápàá kò dúró sójú kan: òǹtẹ̀ lẹ́tà tó jẹ́ sẹ́ǹtì 55 nígbà tí ètò eBay yìí bẹ̀rẹ̀ ti di sẹ́ǹtì 78 ní oṣù Keje ọdún 2025.

Àwọn kan ní kí apínlẹ́tà máa ka gbogbo lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò rò ó jinlẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà di ẹrù, ọjọ́ náà sì ni káàdì dọ́là méjì kúrò lọ́jà. Ohun tó kù ni kí eBay sọ òótọ́ fún tọ̀túntòsì. Kó kọ ọ́ sójú fóònù pé ẹ̀rọ rí lẹ́tà yìí ní Memphis lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó sì dúró síbẹ̀, láìfi pé ó ti délé kún un. Níbi tí ẹ̀rọ kò bá ti rí nǹkan kan, kó kọ ọ́ pé irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà tó ń lọ lọ́nà. Tí àríyànjiyàn bá dé lórí dọ́là méjì, kó yọ ọ́ nínú owó tó ń gbà lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, kó dá owó oníbàárà padà, kó má sì gba aáwọ̀ náà láyè láti di àbààwọ́n lára ọlọ́jà.

Ní báyìí ná, ọlọ́jà tó ta káàdì Pokémon yẹn dá dọ́là méjì padà kí ọ̀rọ̀ lè tán. Lọ́jọ́ kejìlá, káàdì dé inú àpótí oníbàárà nínú ọ̀rá líle rẹ̀, kò ṣẹ́ létí, kò ní ìlà kankan lára. Oníbàárà kò kọ nǹkan kan. Fóònù ṣì ń sọ pé wọ́n ti tẹ bébà àdírẹ́sì jáde.